Irọ́ Ni, Màmá

"Gìtá mi dà?"

Fawas kò kí ẹnikẹ́ni kó tó béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Dárà jókòó láàárín gbọ̀ngàn, gìtá wà lórí itan rẹ̀, àwọn akọrin mẹ́jọ sì yí i ká, wọ́n ń retí kí ó gbé ohùn fún wọn.

"Gìtá wo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ."

"Ṣebí o fún mi ni, Fawas."

"Mo yá ẹ ni. Mú un wá jàre, ọlọ́kadà ń dúró."

Ó gbà á. Kò ní láti já a gbà, nítorí Dárà kò dì í mú. Ó fi ìka ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti bá òun ba nǹkan jẹ́, ó rí i pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn rí Fàtíà, ọmọ kíláàsì wọn, tó ti jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà. Fawas gbé gìtá náà kọ́ ọ léjìká, òun náà gun ọ̀kadà, wọ́n sì lọ.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olórí akọrin wúkọ́, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ láìsí gìtá." Gbólóhùn yẹn ló dun Dárà jù lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Olúwadárasími Ọláìtán, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dárà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, yàrá méjì ni wọ́n sì háyà ní Ìgàndò. Ọdún kan gbáko ni òun àti Fawas Sàlámì fi ń fẹ́ra wọn, lọ́nà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń fẹ́ra wọn tí wọn kì í fẹ́ kí òbí mọ̀. Fawas ló kọ́ ọ ní gìtá, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí lẹ́yìn ilé àwọn Sàlámì. Ní ọjọ́ ìbí Dárà, ó gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Tìẹ ni títí láé." Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Jẹ́ ká fi mọ síbí. Má bínú." Ọ̀rọ̀ méje péré.

Dárà kò sunkún. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó bá sunkún máa ń gbàgbé, òun kò sì fẹ́ gbàgbé. Ó lọ sílé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ohun tó kan Fawas rẹ́. Àwòrán lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ló kan ohùn kan tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ohùn Alhaja Mọ̀nsúrát ni, ìyá tó bí bàbá Fawas. Ní ọdún tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá SS2, Dárà yà sí ilé àwọn Sàlámì kí òun àti Fawas lè jọ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó bá màmá náà lórí àga níwájú ilé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Fawas lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Màmá ń ki oríkì rẹ̀. Àyìnlá ni Fawas ń jẹ́ nínú ilé yẹn. Ọmọkùnrin tó ń fẹ̀ káàkiri kíláàsì, tí kì í gba ìyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí rẹ̀ wú, omi sì dúró lójú rẹ̀.

"Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀," ni Fawas sọ fún un nígbà tí wọ́n ń lọ, "n kò jókòó síwájú ìwé ìdánwò rí láìgbọ́ ọ. Má sọ fún wọn o. Wọ́n á ní ọmọ màmá ni mí."

Lọ́jọ́ Iléyá ọdún náà, Dárà tọrọ ààyè lọ́wọ́ màmá pé kí òun gba oríkì náà sórí fóònù. Inú ìyá arúgbó dùn débi pé ó gbé abọ́ ẹran sílẹ̀.

"Gbà á, ìyàwó mi. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ nínú ilé yìí. Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n bá ti pe 'Àyìnlá' báyìí, ó tán. Lọ́jọ́ tí n kò bá sí mọ́, wàá máa gbé e fún un gbọ́."

Ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlà àkọ́kọ́ ni, "Àyìnlá, ọmọ onílẹ̀ tí kì í lé àlejò." Ìlà kejì ni, "Àyìnlá, ọmọ a-fún-ni-má-gbà-padà." Ìlà kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn Sàlámì ló ni ilẹ̀ tó pọ̀ ní àdúgbò náà. Ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì Dárà wà, ilẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, bàbá bàbá Fawas ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní agbègbè tí èèyàn mẹ́ta ti lè ra ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, ìdílé yẹn kò ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, wọn ò sì gba èyí tí wọ́n fi tọrẹ padà.

Dárà mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìlà kejì náà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò.

"Irọ́ ni, Màmá," ó sọ fún fóònù. "Ó ti gbà á padà."

Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn orin ti wọ̀ ọ́. Kí ìyá rẹ̀ tó pè é wá jẹun, orin ti wà nílẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún méjì sẹ́yìn ń gba orin sílẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Raheem ni orúkọ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló sì lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo òde má baà wọlé. Dárà yá gìtá ògbólógbòó ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá a.

"Irú èwo lo fẹ́?" Raheem béèrè. "Èyí tí wọ́n á fi máa mi ìdí ni àbí?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí gìtá máa ké. Mo fẹ́ kí ìlù máa dún bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn."

"Rọ́ọ̀kì nìyẹn. Rọ́ọ̀kì ní Ìkọ̀tún?"

"Rọ́ọ̀kì ní Ìkọ̀tún, bọ̀ọ̀dá."

Raheem rẹ́rìn-ín, ó ní kó jókòó. Nígbà tó gbọ́ ohùn màmá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ohùn yìí ga o. Ta ni wọ́n?"

"Màmá kan ládùúgbò wa ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ lò ó?"

"Wọ́n mọ̀."

Raheem yí padà sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gé ìlà mẹ́rin péré jáde nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án náà, ó tò wọ́n sínú orin. Gìtá ń ké, ìlù ń gbá, Dárà ń kọrin lókè wọn pé:

"Okùn mẹ́fà lo kà lọ́wọ́ mi,
O ò ka omijé mi mọ́ ọn.
Tìẹ ni títí láé, ṣebí o wí,
Títí láé ò pé oṣù mẹ́fà."

Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan á dákẹ́, ohùn màmá nìkan á jáde: "Àyìnlá, ọmọ a-fún-ni-má-gbà-padà." Gìtá á bú jáde, Dárà á sì dáhùn: "Irọ́ ni, Màmá, irọ́ ni. Ó ti gbà á padà."

Nígbà tí Raheem fi orin náà ránṣẹ́ sí i, fóònù Dárà sọ pé àyè ti tán. Ó wo ohun tí òun lè pa rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án màmá ló gba àyè jù. Kí ni òun tún fẹ́ fi í ṣe? Ó pa á rẹ́, ó sì gbé orin síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ló gbé e sórí Wásáàpù. Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo SS3 ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin ń fi ọwọ́ lu tábìlì ní ìlù rẹ̀. Àwọn ọmọ JSS tí wọn ò tíì mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́ ń kọ ọ́ lórí ìlà oúnjẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àyìnlá, nítorí Dárà ti rí i dájú pé wọ́n mọ̀. Nígbà tí Fawas dìde láti dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì físíìsì, ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé, "Irọ́ ni, Màmá." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà fi ìwé bo ẹnu, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Fawas jókòó.

Dárà wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti ìjókòó rẹ̀, bó ti ń wú sókè, bó ti ń wálẹ̀. Inú rẹ̀ tutù bí ẹni tó mu omi lẹ́yìn ààwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Fàtíà fi Fawas sílẹ̀. Ó ní òun ò lè máa bá ẹni tí wọ́n ń fi kọrin rìn. Dárà gbọ́ ọ ní àkókò ìsinmi, ó sì ra ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Orin ń lọ. Àwọn tó ń ta fóònù ní Ẹ̀gbẹ́dá gbé e sínú sípíkà wọn. Wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ ọ ní Shasha. Lẹ́yìn náà, ó dé ibi tí Dárà kò rò. Ọkùnrin kan tó ń bá bàbá Fawas jà lórí ààlà ilẹ̀ dúró ní gbangba, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í gba nǹkan padà, irọ́ ni, Màmá." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí ìdílé kan fi ìran mẹ́ta kọ́, àwọn ọmọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Fawas wá bá a nídìí omi ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́. Ó ti rù.

"Dárà, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́."

"Mo máa dá gìtá padà fún ẹ. Mo máa gbé e wá síwájú àwọn akọrin yẹn, mo máa ní mo purọ́."

"N ò fẹ́ gìtá."

"Ó dáa. Fi orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Fi orúkọ mi gan-an síbẹ̀. Pè mí ní olè, pè mí ní ohun tó bá wù ẹ́. Ohùn màmá ṣá ni kó o yọ."

"Ṣé wọ́n ti gbọ́ ọ ni?"

"Wọn ò tíì gbọ́. Fóònù wọn ò ju èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn lọ."

"Kí ló wá ń dà ẹ́ láàmú?"

"Mo bẹ̀ ẹ́, Dárà. Wọ́n fẹ́ràn ẹ."

Dárà pa ìgò omi rẹ̀ dé. Ó ti ń retí ìgbà tí Fawas máa bẹ̀ ẹ́. Ó ti tún ìdáhùn rẹ̀ sọ lọ́kàn títí ó fi dán.

"Nígbà tí mo ní ṣebí o fún mi ni, kí lo sọ? O ní o yá mi ni. Èmi náà, ohùn màmá ẹ, mo yá a ni."

Ó yí ẹ̀yìn pa dà, ó lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó dúró nítòsí na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Kí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń ṣe àdúrà àti ìdágbére fún àwọn SS3, àwọn òbí a sì máa wá. Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé, igbákejì ọ̀gá àgbà, ló ń ṣètò rẹ̀. Ó pe Dárà sí ọ́fíìsì.

"Orin tí ẹ ń kọ káàkiri yìí, ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú rẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Múra sílẹ̀, wàá kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kéré tán, àwọn ọmọ yìí á jókòó jẹ́ẹ́."

Dárà lè sọ pé òun á kọ òmíràn. Orin ẹ̀mí mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rí Fawas lọ́kàn, nínú aṣọ funfun, láàárín gbogbo òbí, tí kò níbi tó máa sá sí.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún. Dárà yọjú láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ó rí ìyá rẹ̀ ní ìlà ìjókòó kẹta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ìyá arúgbó kan jókòó pẹ̀lú ìborùn funfun àti ọ̀pá ìtìlẹ̀. Alhaja Mọ̀nsúrát ni. Fawas ti fi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe wàhálà wíwá. Ìyá náà ní kí ni òun ń dúró dè láyé bí kò ṣe irú ọjọ́ yìí.

Raheem, tí wọ́n pè wá ṣètò sípíkà, rí ibi tí Dárà ń wò.

"Màmá náà nìyẹn, àbí? Mo rí i lójú ẹ. Ṣé wọ́n mọ̀ ṣá?"

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn fún un láti padà. Dárà wo Fawas ní ìlà àwọn ọmọkùnrin. Fawas ń wò ó, ó ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀, pé rárá. Ojú yẹn ló fẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́, Raheem," ó wí, ó sì jáde síwájú èèyàn.

Orin bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa okùn mẹ́fà náà pẹ̀lú rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Gìtá àti ìlù dákẹ́, ohùn màmá sì jáde nínú sípíkà ńlá méjèèjì.

Ìyá arúgbó náà gbé orí sókè. Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ọwọ́ kan ìyá Dárà léjìká, ó ní, "Ohùn mi nìyẹn," ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó ń fi ojú wá ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ ọmọ náà sí ni. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí Fawas, òun àti sípíkà sì jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "Àyìnlá, ọmọ a-fún-ni-má-gbà-padà."

Ẹnu irinwó ló dá a lóhùn. "Irọ́ ni, Màmá, irọ́ ni."

Ó dúró. Ó jọ pé ó rò pé wọn ò gbọ́ òun dáadáa. Nígbà tí ohùn náà tún jáde, ó gbé tirẹ̀ sókè sí i, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Wọ́n tún dá a lóhùn, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sọ nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ tó nà sí Fawas wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fawas ti ń fi agbára la àárín àga kọjá bọ̀ wá. Àwọn àgbàlagbà tó wà níwájú ti yí ẹ̀yìn pa dà, wọ́n sì ti rí i. Ìyá Dárà dìde, ó na ìka sí Raheem, Raheem sì pa ẹ̀rọ.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó náà béèrè. Kò pariwo.

"Fawas, irọ́ wo ni mo pa?"

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá Dárà bi í léèrè.

"Ṣé Alhaja mọ̀ pé o lo ohùn wọn?"

"Wọn ò mọ̀, mà."

"Kí lo sọ fún ẹni tó bá ẹ ṣe é?"

"Mo ní wọ́n mọ̀."

Ìyá rẹ̀ tú gèlè. "Nínú gbogbo orin yẹn, ìwọ nìkan lo purọ́ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ sí ilé àwọn Sàlámì. Dárà kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi tí kò jẹ́ kó dà láti ìgbà tí wọ́n ti gba gìtá. Alhaja gbọ́ ọ dópin. "Mo ti gbọ́," ló sọ. Kò bú u, kò lé e, kò sì pè é ní ìyàwó mi.

Ní ọjọ́ Ajé, Dárà jáde síwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò àdúrà àárọ̀. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n pa orin náà rẹ́ lórí fóònù wọn. Ó ní ohun tí òun ṣe kò dára. Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnìkan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn orin: "Irọ́ ni, Màmá." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé lu aago, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, Dárà kò lè sọ òótọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ yẹn kí ẹnìkan má fi orin tirẹ̀ dá a lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, Dárà yà sí ilé àwọn Sàlámì bó ṣe yà ní ọdún tó kọjá. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu géètì. Fawas jáde nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ó lóṣòó síwájú àga màmá, ó tẹ orí ba, ó ń dúró. Ìyá arúgbó náà la ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ náà, ó sì pa ẹnu dé. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan.

"Máa lọ," ó wí níkẹyìn. "Ọlọ́run á ṣe é."

Fawas dúró sí i fún ìgbà díẹ̀, bóyá nǹkan máa tẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan. Ó dìde.

Nígbà tó dé ẹnu géètì, Dárà kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fún un. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu màmá. "Àyìnlá, ọmọ onílẹ̀ tí kì í lé àlejò..."

"Irọ́ ni," Fawas wí. Kò dúró, kò wo ojú rẹ̀. Ó kọjá, ó sì lọ.

Ohun tí Dárà fẹ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀: kí Fawas mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Fawas ti mọ̀ ọ́n wàyí, ó sì fi hàn án pé òun mọ̀.

Àwọn méjèèjì yege nínú ìdánwò náà, nítorí wọ́n ti kàwé. Orin náà kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Kí ìsinmi tó parí, òmíràn ti wà nínú àwọn sípíkà Ẹ̀gbẹ́dá, kò sì sí ẹni tó rántí èyí tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n Alhaja Mọ̀nsúrát kò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n sọ ọmọ tuntun lórúkọ nínú ilé náà ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó yẹ kí ó kì í, ó ní ọ̀fun ń dun òun.

Dárà lọ bá Raheem pé bóyá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Raheem ní ìlà mẹ́rin tí òun gé nìkan ló wà. Dárà bá ra ìwé kan, ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tó rántí sílẹ̀. Ìlà mọ́kànlá. Ó gbé e lọ sí iwájú àga yẹn, ó kúnlẹ̀, ó kà á sókè. Ìyá arúgbó náà ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Nígbà tí Dárà dé ìlà karùn-ún, ó gbé ojú sókè.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Dárà di bírò mú, ó ń dúró kó sọ bó ṣe yẹ kó rí. Màmá padà sórí ẹ̀wà rẹ̀.

Fawas ṣẹ Dárà. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ó purọ́ fún un, ó sì dójú tì í níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí àgbàlagbà fi ìfẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ ló sọ di pàṣán, pàṣán náà sì ba ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín, òun ni kí ẹ kojú sí, òun nìkan. Ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi jà. Ìbínú á lọ, orin á di ìgbàgbé, ohun tí ẹ bà jẹ́ á wà níbẹ̀.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ Dárà. Ìlà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìkarùn-ún kò tọ́. Ó fi ojú ìwé tó pọ̀ sílẹ̀ lófìfo fún ìyókù.